Òjò ti lọ, ọyẹ́ ń bọ̀: Ẹ má kàn fa 'ọmọlanke òyìnbó' yín lọ sétí òkun Àgbádárìgì o!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ó ń tì mí lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá lè gba ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo là nínú ọdún tó ń bọ̀ yìí, ìtìjú ọ̀hún ò jámọ́ nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni, nínú oṣù Kejìlá, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. A ti kọjá Àgbárá, a ti kọrí sọ́nà Mowó. Èmi ni mo wà nídìí jíìpù, ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbúrò ẹ̀ àtàwọn ọmọ mẹ́rin wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń kọrin, ìyàwó mi ń pín bọ̀ọ̀lì fún wọn. Àfi bí ọlọ́kadà kan ṣe sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń ju ọwọ́ bíi wèrè, tó ń pariwo pé, "Ẹ dúró o, ẹ dúró! Iná ń ta lẹ́yìn yín o!"

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, nǹkan ti já. Mo rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń dá yí lọ níwájú wa, tó sáré ju àwa gan-an lọ. Kí n má purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé, "Ẹ wo táyà ọkọ̀ aláìbìkítà kan!" Àṣé tèmi ni.

Táyà náà fò kúrò lórí títì, ó kọrí sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀nà, tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Àárín òun àti ààrò ẹja ẹ̀ ló gbà kọjá. Ó da àtẹ ẹja nù, ó sì wọ inú igbó lọ. Bí obìnrin yẹn bá súnra sápá òsì ní ìṣísẹ̀ kan péré, ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí, bóyá inú ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa kọ ọ́. Èdè Ègùn ló kọ́kọ́ fi lọgun. Nígbà tó rí mi tí mò ń sáré bọ̀, ó wá fi Yorùbá bi mí pé, "Bọ̀dá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Mi ò rí èsì kankan fún un. Títí dòní, mi ò tíì rí èsì ọ̀hún.

Kí ló ń jẹ́ ọmọlanke òyìnbó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tá a fà sẹ́yìn jíìpù lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ nílùú Lọ́ńdọ̀nù ló fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sílé, tó sì gbé e sínú àgbàlá mi ní Ìyànà-Ìbà pé kí n máa lò ó títí òun yóò fi dé. Tírélà kékeré ni, kì í ṣe irú tírélà tó ń gbé kọ̀ńténà o. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, táyà ẹ̀ tóbi, ó ga nílẹ̀ kó lè wọ ibi iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀. Ẹ máa so ó mọ́ ìkọ́ tó wà lẹ́yìn jíìpù ni. Bẹ́ẹ bá ṣí i, àgọ́ tí èèyàn mẹ́rin lè sùn sí yóò yọ lókè ẹ̀, ilé ìdáná yóò yọ lẹ́yìn, táǹkì omi àti bátìrì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pa á dé, ọmọlanke aláàárù ló jọ. Ìdí nìyẹn táwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní ọmọlanke òyìnbó.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Láti ọdún 1885 ni dókítà kan tó ti bá àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ṣiṣẹ́ rí, William Gordon Stables, ti ní kí wọ́n bá òun kan ilé onítáyà kan tí ẹṣin ń fà, nílùú Bristol. "The Wanderer" ló pe orúkọ ẹ̀, ó sì fi ń jayé kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Nígbà tí jíìpù dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó lè wọ inú igbó àti etí òkun.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀, torí yìnyín. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́nì kan bá gbàgbé omi sínú páìpù, yìnyín á fọ́ páìpù ọ̀hún bí ẹni fọ́ ẹyin. Tí òtútù bá ti lọ, wọn á wá yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á jáde.

Àwa ò ní yìnyín ní tiwa, ọyẹ́ wa ò lè fọ́ páìpù. Ṣùgbọ́n a ní òjò, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, tó jẹ́ pé oṣù Kẹjọ nìkan ló máa ń jẹ́ ká mí díẹ̀. A sì ní iyọ̀. Afẹ́fẹ́ etí òkun láti Èkó títí dé Sẹ̀mẹ̀, iyọ̀ ló gbé dání. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fi páànù kọ́lé ní Àgbádárìgì. Ṣé ẹ mọ̀ pé iyọ̀ yìí kan náà ló ń ba ọkọ̀ àwọn òyìnbó jẹ́? Wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ á sì jẹ abẹ́ ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ táwọn èèyàn wa ń gbà wọlé láti Kùtọnu, kí ìjọba tó fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, òkè wọn á máa dán, abẹ́ wọn á ti dógùn-ún. Ìyà kan náà ni, ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀.

'Ṣé gírísì lèyí àbí ògì?'

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá rèé. Ọdún Àjíǹde la ti lo ọmọlanke náà gbẹ̀yìn. A fà á lọ sétí òkun, omi òkun gbá a lẹ́sẹ̀, a dé ilé, mi ò fọ̀ ọ́. Mo ju tapólì lé e lórí, òjò sì rọ̀ lé e fún odidi oṣù méje. Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, mo ní kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ òkè ẹ̀, wọ́n fi aṣọ nù ún, ó ń dán yanran. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, a kó ẹrù sí i, ó di ojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì tí táyà yọ, ọ̀gá mẹkáníìkì kan láti Mowó wá bá wa níbi tá a sùn mọ́jú. Ó tú ẹsẹ̀ kejì, èyí tí kò tíì yọ. Ó ti ìka bọ inú ẹ̀, ó fi hàn mí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ funfun báláú, ó sì ń ṣàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé gírísì lèyí àbí ògì?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bẹ́rìn wà, àwọn irin róbótó-róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí. Gírísì ló ń gbà á lọ́wọ́ iná. Tí omi bá wọ ibẹ̀, gírísì á dà pọ̀ mọ́ omi, á funfun bí ògì, bẹ́rìn á dógùn-ún. Bó ṣe ń dúró sójú kan, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sórí títì tó ń sáré ni yóò gbóná, yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ibi tó so mọ́ yóò já. Iná tí ọlọ́kadà yẹn rí nìyẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi ní gbogbo ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá jókòó." Èyí tó sọ, àtèyí témi náà ti kọ́ látìgbà náà, ni mo kó jọ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní ọmọlanke òyìnbó náà, ẹ má ṣí ewé kọjá o. Jíìpù tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ láti ìgbà òjò, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dúró de ọdún, tírélà kékeré tẹ́ ẹ fi ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbi ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn wọ́n.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ fà á jáde

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ fi ọwọ́ yí táyà, ẹ dẹtí sí i. Tó bá ń dún gìrì-gìrì bí ẹni ń lọ ata, bẹ́rìn ti lọ nìyẹn. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀-jẹ̀gẹ̀, ẹ má gbé e jáde. Bí kò tiẹ̀ dún, lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u, kó fọ̀ ọ́, kó rọ gírísì tuntun sí i, èyí tí omi kì í tètè fọ̀ dànù. Kó pààrọ̀ rọ́bà tó ń dènà omi náà. Owó rọ́bà ọ̀hún ò tó owó ẹja tí mo san.

Ẹ wo táyà. Òun náà máa ń gbó lórí ìdúró, oòrùn á sán an, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á là wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ bíi gìgísẹ̀ àgbà nígbà ọyẹ́. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe táyà ló sọ pé tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kódà kó ṣì máa dán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun táyà ní dúdú fún yín kó ní tuntun ni. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá sì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tẹ́ ẹ dì í padà, ẹ dúró lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 50, kẹ́ ẹ tún fi síípánà di nọ́ọ̀tì ẹ̀, torí ó lè dẹ̀.

Ẹ wo ìkọ́ tẹ́ ẹ fi so ó mọ́ jíìpù. Tó bá ti jẹ, ẹ má lọ fi kíríbótò lẹ̀ ẹ́ bí ẹni lẹ ike. Ẹ wá wẹ́dà tó mọṣẹ́. Ṣéènì méjì ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìkọ́ náà, kẹ́ ẹ fi wọ́n kọ́ ara wọn bí ẹni ká ọwọ́ lérí. Bí ìkọ́ bá já, orí ṣéènì ni ọ̀pá ẹ̀ yóò jókòó lé, kò ní fi orí gúnlẹ̀.

Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn. Iyọ̀ máa ń jẹ orí wáyà tẹ́ ẹ fi so ó mọ́ jíìpù, á hu nǹkan tútù bí ewé. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà ha á. Ẹni tó bá ń fa ohun tí kò níná lójú títì Àgbádárìgì lálẹ́, pósí ló ń fà kiri. Kì í ṣe pé mò ń ṣépè o. Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì yìí láyé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá pé kó di ọ̀nà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà á rí ló mọ bí kòtò àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù ṣe ń bá èèyàn ṣe níbẹ̀.

Bátìrì náà kì í fẹ́ ìgbàgbé. Èyí tí iná ẹ̀ kún dáadáa, ẹ̀rọ rẹwáyà yóò kà á sí nǹkan bíi fóòtì 12.6. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 12, ó ti kú tán nìyẹn, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní jí mọ́. Ẹ yọ orí ẹ̀ nígbà òjò, ẹ máa fún un níná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi faselíìnì pa orí ẹ̀ kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́.

Eku, gáàsì àti jẹnẹrétọ̀

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí àwọn mẹ́ta yìí kì í pariwo bíi táyà.

Àkọ́kọ́ ni eku. Ibi gbígbẹ tí òjò kì í dé, ibẹ̀ ni eku máa ń sá sí. Nígbà tá a ṣí àgọ́ náà, eku ti bímọ sórí tìmùtìmù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ wà káàkiri. Ìyàwó mi ti gbé ìgbálẹ̀. Ẹ má gbá a o! Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 nílùú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan ló ti ń wá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá gbá a ní gbígbẹ, eruku ẹ̀ lẹ máa fà símú. Ẹ ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ́n omi Jik sí i kó rin gbingbin, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ nù ún. Oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù, ẹ má ṣahun. Ẹ sì fi igi tú abẹ́ ẹ̀ wò dáadáa. Ejò máa ń tẹ̀ lé eku.

Ìkejì ni gáàsì. Rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ sítóòfù máa ń là. Ẹ ho ọṣẹ sínú omi, ẹ fi kànrìnkàn pa á lára rọ́bà náà àti orí sílíńdà, kẹ́ ẹ wá ṣí gáàsì. Ibi tí ìfófò bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a o, ẹni tó fi ìṣáná wá gáàsì ò ní í wá nǹkan mìíràn mọ́. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ jẹ́ kí ihò wà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ gbé sílíńdà sí.

Ìkẹta ni jẹnẹrétọ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ọyẹ́ bá ń mú lálẹ́, tí ẹ̀fọn ń kọrin, èèyàn á ti gbogbo ilẹ̀kùn àgọ́ pa, á sì gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ẹ̀ kí olè má baà gbé e. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ní májèlé kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Oorun lẹ máa rò pé ó ń kùn yín. Ẹ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà ogún ó kéré tán, kẹ́ ẹ kọ ẹnu èéfín ẹ̀ síbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé e lọ. Kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ láéláé, ààrò èédú náà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Tí olè bá gbé jẹnẹrétọ̀, ẹ ó ra òmíràn.

Epo tó ti wà nínú jẹnẹrétọ̀ láti ìgbà òjò, ẹ dà á nù. Á ti lẹ̀ mọ́ inú kabúrétọ̀. Táǹkì omi náà, ẹ fi Jik díẹ̀ pò mọ́ omi kún inú ẹ̀, kó wà níbẹ̀ mọ́jú, ẹ dà á nù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án títí òórùn ẹ̀ á fi lọ.

Ẹrù àti iyanrìn

Ẹrù náà ní bí wọ́n ṣe ń dì í. Tó bá pọ̀ sẹ́yìn ju iwájú lọ, ọmọlanke á máa ju ìdí kiri lórí eré, á sì gbé jíìpù yí. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ kílò 500, nǹkan bíi kílò 50 sí 75 ló yẹ kó tẹ orí ìkọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ iyanrìn, ẹ tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀, kó kúrò ní gáàjì 35 wá sí nǹkan bí 18 tàbí 20. Táyà á fẹ̀, kò ní rì. Àmọ́ ẹ rántí pọ́ǹpù, torí ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó gun títì. Ẹ má sì tan ara yín jẹ: ọ̀nà jíìpù dé etíkun Suntan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dé Gbẹrẹfú, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wa lọ, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ sọdá ọ̀sà. Ẹ gbé ọmọlanke sílẹ̀ nílùú, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n parí ní 1845.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ilé, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Ká ní mo ṣe ìyẹn nìkan lọ́dún Àjíǹde yẹn ni, bóyá nǹkan kan ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá ẹlẹ́ja ṣe parí. Mo san owó gbogbo ẹja ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ. Ọdọọdún la máa ń yà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà yẹn ti ń sáré kiri, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí wa. Lọ́dún tó kọjá, ká tó kí ara wa tán, obìnrin náà ti yí lọ sẹ́yìn jíìpù. Ó fi ọwọ́ kan àárín táyà bóyá ó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá. Ẹja mélòó ni kí n dì?"